Ẹsẹ̀ Ìkookò

Òjò ń rọ̀ ní Zagreb, fíríìjì ń kùn,
mo ń ka bàbá mi lójú kọ̀ǹpútà.
Kì í ṣe fọ́tò rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́tà tó kọ.
Ègé ara kan ni, kò tó èékánná ọmọdé,
tí dókítà gé lójú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀,
tí wọ́n fi ìda bò, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí: mẹ́rìnlélógún.
Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé Vinko ni mẹ́rìnlélógún ń jẹ́,
pé ó lọ àlìkámà fún ọgbọ̀n ọdún létí odò Sava,
pé bó bá sín, ìyẹ̀fun a fò jáde nínú irun imú rẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ara fi ń kọ̀wé.
Mẹ́rin. Ó fi wọ́n kọ ojú, ó fi wọ́n kọ eyín,
ó sì fi wọ́n kọ adènà kan sínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan
tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó sọ pé: Dúró.
Ìwé yìí ti ya. Má tíì pín. Tún un ṣe.
Bí kò bá ṣeé tún ṣe, kú.
Adènà tó ń pàṣẹ ikú kí ilé má baà wó.

Níbi tó yẹ kí A wà lára adènà bàbá mi, T ló jókòó.
Mo lọ síwájú. A tún ti lọ, T ti gbapò rẹ̀.
Sìgá kì í tẹlẹ̀ báyìí.
Oòrùn kì í tẹlẹ̀ báyìí.
Ẹranko tó bá gba orí yìnyín kọjá lóru,
ọdẹ jí, ó wo ilẹ̀, ó mọ ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Ewéko kan wà lóko wa,
òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ewé rẹ̀ rí bí ọkàn ẹran.
Vučja stopa là ń pè é, ẹsẹ̀ ìkookò.
Àárín àlìkámà ló ń hù, a ń kórè wọn pọ̀,
èso rẹ̀ bá ọkà wọnú ọlọ. Ọlọ ò béèrè orúkọ.
Ìyá mi pò ó, ó wú, ó wọ iná,
a fi ọwọ́ bù ú nígbà tó ṣì ń rú èéfín.
Ó wọlé jẹ́ẹ́. Ó lẹ̀ mọ́ A
bí èèmọ́ ti í lẹ̀ mọ́ etí aṣọ,
tí sẹ́ẹ̀lì tó ń da ìwé rẹ̀ kọ débẹ̀, tó ṣì í kà,
tó kọ T, tó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.
Ogún ọdún. Ọgbọ̀n.
A jẹ ẹ́. Ó ń jẹ wá.

Wọ́n ní èpè ló wà nílé wa.
Wọ́n ní omi ni, wọ́n kan pákó mọ́ kànga lẹ́nu.
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ṣebí inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé,
kò sẹ́ni tó wo orí tábìlì.
Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, kí ló pa Jagica,
ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí wọ́n fẹ́ wá láti òkè òdìkejì,
lọ́dún kẹtàlélógún tó ti ń bá wa jẹun?
Kí ló dé tí Tihomir ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ kan náà,
tó sá lọ sí Stuttgart lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
tó ń jẹ búrẹ́dì oníbúrẹ́dì tó ń ráhùn pé kò dùn,
ṣì ń tọ̀ geere títí dòní?

Ìyá mi pè lálẹ́.
"Ṣé ẹ ti rí nǹkan tó pa á?"
Mo wo ọwọ́ mi, ọwọ́ tirẹ̀ ni, ìka kúkúrú, ọrùn ọwọ́ líle.
Mo ní, "Rárá, màmá. Ẹ̀rọ ò tíì parí."

Igò kékeré kan wà lẹ́yìn fíríìjì,
lẹ́yìn gbogbo èyí tó ní nọ́ńbà.
N ò tíì kọ nǹkan kan sí i lára.
Èmi ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún èèpo búrẹ́dì náà,
ibi tó jóná díẹ̀, tó ń ró wàràwàrà lẹ́nu.